Ta Ló Wẹ Ìyá Atukọ̀?

Màmá mi kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìwé ńlá mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo rẹ̀ láti ẹnu mi. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ wọ́n. Màá ka ojú ewé kan sínú, màá wá sọ ọ́ jáde ní Yorùbá, bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá mọ. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ilé wa ni mo sì ń sọ, èyí tí wọ́n gbé wá láti Ìgbòho tí Faransé àti Jùlá ti wọ̀ lára. Níbi tí ahọ́n mi bá ti kọ́, màmá mi á ní, "Sọ bó o ṣe rí i." Màá sì sọ bí mo ṣe rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìwé kíkà wa, nínú ọgbà ilé tí à ń gbé ní Yopougon, àdúgbò kan ní Abidjan. Màmá mi ń ta abọ́ àti ike lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Á jókòó lórí àpótí, á gbé ilá tàbí ẹ̀wà síwájú, torí ó ní etí òun kì í gbọ́ràn dáadáa bí ọwọ́ òun bá ṣófo. Ẹnìkejì tó ń gbọ́ ni aránṣọ kan, ará Ìsẹ́yìn, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Tàtí ni mo ń pè é, bí gbogbo ọmọ ìlú yìí ṣe ń pe obìnrin tó bá tó ìyá wọn. Ìwé kìíní ni mo ń kà lọ́wọ́ nígbà tó wá gba irin ìlọṣọ rẹ̀ tí a yá, ó ní kí òun jókòó díẹ̀ sinmi ẹsẹ̀. Kò tíì dìde títí di òní.

Ìtàn ilẹ̀ kan tí kò sí níbi kankan ni. Odò ńlá kan pín in sí méjì, odò náà sì ní ìwà tirẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá purọ́ nínú ọkọ̀ tó ń sọdá rẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Àwọn ọmọ ọba ń jà sí oyè, àwọn ẹranko ń sọ̀rọ̀, iná ń jó lórí omi. Tàtí fẹ́ràn àbíkẹ́yìn ọba, ọkọ mi ló ń pè é, a kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Màmá mi kò ka ọmọ ọba kankan sí. Arúgbó obìnrin tó ń tu ọkọ̀ lórí odò náà nìkan ló ń tẹ̀ lé. Orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú ìwé gùn, kò sì rọ̀ lẹ́nu wa, ni màmá mi bá sọ ọ́ ní Ìyá Atukọ̀. Nínú ìwé kejì, ọmọ ọba kan wọkọ̀ rẹ̀, ó purọ́ pé oníṣòwò lòun, omi sì dé orúnkún rẹ̀. Ìyá Atukọ̀ gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó yan ọ̀kan, kó sọ òtítọ́ tàbí kó lúwẹ̀ẹ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ilá fi dà nù. Ó ní irú èèyàn tó yẹ kí wọ́n máa fi jọba nìyẹn.

Kí n tó máa lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àbúrò màmá mi, torí láìsí i, ìyókù kò ní yé ẹnikẹ́ni. Àbúrò obìnrin kan ṣoṣo ni màmá mi ní, ìyá kan náà, bàbá kan náà, Ìgbòho ló sì ń gbé. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, wọn á sì máa jà bí ọmọdé. Ìjà tí wọn kò parí rí ni ti igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn. Àbúrò ní ẹ̀gbọ́n òun ló ti òun ṣubú, àpá rẹ̀ wà ní orúnkún òun fún ẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n ní ojúkòkòrò ló tì í.

Lẹ́yìn tí a ka ìwé kẹrin tán ni àbúrò náà kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ màmá mi lẹ́nu lákòókò yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, àwọn ẹbí bá fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un. Wọ́n kọ́kọ́ ní ara àbúrò rẹ̀ kò yá. Wọ́n tún ní wọ́n ti gbé e lọ sí Ìlọrin fún ìtọ́jú. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n ní kí a máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Èmi náà gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, torí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n mọ̀ pé inú mi kì í gba ọ̀rọ̀, pé bí mo bá fi lè mọ̀, ojú mi á ti sọ ọ́ kí ẹnu mi tó là.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwọn àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho wọlé wá. Wọ́n jókòó, wọ́n béèrè omi, wọn kò mu ún. Màmá mi wo ife omi tí wọ́n gbé sílẹ̀ láìfẹnu kàn, ó ti mọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, ó ní "Alihamudulilai," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó wọṣọ, ó lọ sọ́jà. Kò sunkún. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ti ogójì ọjọ́ ti kọjá, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, wọ́n ti túká. Lọ́jà kò sí ẹni tó kí i, torí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè láti Ìgbòho, á kí wọn ní kúkúrú, á na fóònù sí mi. Kò sì lọ sílé mọ́. Bí mo bá dá a lábàá, á ní kí lòun fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Èmi tí mo ń bá a gbé mọ̀ pé ohun kan ti dì sí i láyà. Àwọn èèyàn máa ń bẹ Ọlọ́run kí ìyá wọn má sunkún. Èmi ń bẹ̀ ẹ́ kí màmá mi sunkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìwé keje jáde, èyí tó parí gbogbo rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Plateau, àárín ìlú Abidjan, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni mo sì ń wọ̀ lọ láti ẹ̀gbẹ́ Yopougon. Nínú ọkọ̀ yẹn ni mo ti mọ àwọn òǹkàwé bíi tèmi. Ìwé ló fi wá mọra: o rí ẹni tó gbé e sójú, o rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó parí, ẹ ti di ọ̀rẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, èkejì jẹ́ ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Mo máa ń ka ìwé ṣáájú kí ọjọ́ Àìkú tó dé, kí n lè mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ nílé.

Orí omi ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Atukọ̀ kú. Iná ti mú apá kan ilẹ̀ náà, gbogbo èèyàn ń sá, òun ló sì ń gbé wọn sọdá, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó gbé àwọn tó kẹ́yìn gúnlẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó parí. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n tì í sójú omi. Ojú ewé kan àbọ̀ ni gbogbo ikú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ọba ti padà sídìí ogun wọn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju ìwé náà sínú ọ̀sà. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ mi ni pé ọ̀sà Abidjan ti gbé ìdọ̀tí tó tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin oníṣẹ́ báńkì jókòó tì mí, ó yọjú wo ibi tí mo ṣí, ó kàn ní "Yako," bí a ṣe ń kí ara wa níbí, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ lo fi kọ, ìbáà ṣe òkú ló kú.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun kà á, bọ́ọ̀sì lòun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, torí òun kò fẹ́ rí ẹni tó ń tukọ̀. A rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ti ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò tún yàtọ̀. Ó ti gbọ́ fìrìfìrì pé nǹkan ń bọ̀, ó dúró sí orí tó ṣáájú rẹ̀, ó pa ìwé dé. "Moi, je lis pas la suite," ló wí. "Tant que j'ai pas lu, la vieille est là." Òun kò ní kà á síwájú; bí òun kò bá tíì kà á, arúgbó náà ṣì wà.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi gúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn Plateau lọ ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Ohun tí àwọn ẹbí wa ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n rò pé bí màmá mi kò bá tíì gbọ́, àbúrò rẹ̀ ṣì wà láàyè níbì kan fún un. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa tirẹ̀ dé, ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá mi kò mọ̀ pé ẹnìkan di ìwé náà mú.

Ó yẹ kí èyí ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń dẹ́rù bà mí, ọjọ́ Àìkú sì dé. Mo ṣí ìwé, mo dé ibẹ̀, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ní ara Ìyá Atukọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Tàtí ní Ọlọ́run á fún un lálàáfíà, mo sì sáré bọ́ sórí ogun. Lọ́sẹ̀ kejì mo ní wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ìyẹn nínú ìwé rárá. Tàtí béèrè pé ta wá ló ń tukọ̀, mo ní wọ́n ń ṣe é bákan ṣá. Lọ́sẹ̀ kẹta, nígbà tí n kò rí irọ́ mìíràn pa mọ́, mo ní kí a máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́.

Màmá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀ sórí ilá.

"Ọjọ́ wo ló kú?"

Mo wo ojú ewé, àfi bíi pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Mo ní ó ti ṣe díẹ̀.

Kò pariwo. Ó ní òun mọ ọ̀nà tí mo gbà wọlé yẹn, wọ́n ti gbà á wọlé bá òun rí, gbogbo ibi tí wọ́n tẹ̀ sí lòun mọ̀. Ó ní àwa tí à ń pa ikú mọ́ fún èèyàn, a máa ń rò pé à ń ṣàánú rẹ̀ ni. Ó wá ní kí n padà sẹ́yìn, kí n ka ibi tí obìnrin náà kú sí fún òun bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, kí n má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Mo kà á. Kí n tó dé ìdajì, Tàtí ti ń fi etí ìró nu ojú. Màmá mi gbọ́ ojú ewé kan àbọ̀ náà tán, ó ń retí. Nígbà tó rí i pé mo dákẹ́, ó béèrè pé, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní ìwé kò sọ. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo ṣí síwájú, mo ṣí sẹ́yìn.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá. Wọ́n kàn tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ ni."

"Ẹni tó gbé gbogbo wọn sọdá," ni màmá mi wí. "Kò wá sí obìnrin kan ṣoṣo nínú wọn tó lè bomi sí i lára." Ó dìde, ó gbé ilá rẹ̀ wọlé, ó ní kí n pa ìwé náà dé. Orí firíìjì ni mo gbé e sí, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Tàtí ní tirẹ̀ bínú dé gongo. Ó ní kí n wá ilé ẹni tó kọ ìwé náà kàn, pé bí wọ́n bá lè pa irú arúgbó bẹ́ẹ̀, kí wá ni ìrètí ọkọ òun. N kò dá a lóhùn, torí mo ti ka ìwé náà tán, mo mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo bá màmá mi lọ sọ́jà. Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí a tẹ́ àwọn ike tán ni Tàtí dé, ó wá ra òwú. Ẹnu Tàtí kò ní ìlẹ̀kùn. Níwájú gbogbo ọjà ló ti kúnlẹ̀, ó ní, "Àlàájà, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn." Obìnrin Jùlá kan wà tó ń ta àlùbọ́sà ní iwájú wa. Ó ti pẹ́ tí òun àti màmá mi ti ń jókòó kọjú síra, ó gbọ́ Yorùbá tó láti mọ ìgbà tí a bá ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Ó fi àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀, ó wá di màmá mi lọ́wọ́ mú, ó ń bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú òkú náà: "Ala ka hinɛ a la."

Mo la ẹnu láti sọ pé nínú ìwé ni. Màmá mi wò mí, mo pa á dé. "Amiina," ló dáhùn. Obìnrin náà béèrè ẹni tó kú.

"N dɔgɔmuso," ni màmá mi wí. Àbúrò mi obìnrin.

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ó ń nu abọ́ kan tí kò dọ̀tí. Tàtí wò mí, mo wo Tàtí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí Tàtí dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó ń ta acẹ́kẹ́ tí a fi gbágùúdá ṣe, obìnrin tó ń ta ẹja, àwọn tí mi ò mọ̀. Wọ́n ń dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń jókòó tì í díẹ̀, wọ́n ń lọ. Ẹnìkan gbé omi tútù wá, ẹnìkan gbé búrẹ́dì. Màmá mi gba gbogbo rẹ̀. Mo bi ara mi bóyá irọ́ là ń pa fún wọn. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ Ìyá Atukọ̀ gan-an ni kí wọ́n ti bi màmá mi léèrè ẹni tó kú, omi kò ní ru.

Ní ìrọ̀lẹ́, a délé, a jókòó nínú ọgbà. Màmá mi kò gbé ẹ̀wà, kò gbé ilá. Ìbéèrè àná ló tún wà lẹ́nu rẹ̀: ó ní òun ṣì ń ro ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé ti Ìyá Atukọ̀ ni.

"Èmi àti àbúrò mi ti jọ sọ ọ́," ló wí. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ, òun ni yóò wẹ̀ mí. Mo ní tó bá wá ṣe pé òun ló ṣáájú ńkọ́? Ó ní kí n wọkọ̀ wá wẹ òun. Wọn ò jẹ́ kí n wọkọ̀."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe ikú àbúrò rẹ̀ nìkan ni wọ́n pa mọ́ fún un. Omi náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo wọn, sí àwọn ẹbí, sí àwọn àgbà mẹ́ta àti ife omi wọn, sí ẹni tó kọ ìwé. Mo ní, "Màmá, ti inú ìwé ni n kò mọ̀. Ti Ìgbòho, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀." Kò ní kí n pè, kò sì ní kí n má pè. Mo tẹ nọ́mbà ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí àbúrò rẹ̀, mo fi fóònù sórí itan rẹ̀, mo gbóhùn rẹ̀ sókè.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, màmá mi kò jẹ́ kó kí i tán. Ó béèrè pé ta ló wẹ ìyá wọn.

"Èmi ni, Màmá. Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa."

Ó béèrè irú omi tí wọ́n lò. Ọmọ náà ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, pé ìyá àwọn ti kìlọ̀ fún òun tẹ́lẹ̀, bí òun bá fi omi tútù kàn án lára, á dìde nà òun. Ohùn kan jáde lọ́fun màmá mi, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

"Ṣé ẹ rí orúnkún rẹ̀?"

"A rí i, Màmá. Àpá máńgòrò. Mo bu omi lọ́tọ̀ sí i. Mo ní, èyí ni ti Màmá Abidjan."

Màmá mi sunkún. Ó sun ún bí ọmọdé ṣe ń sun ún, pẹ̀lú ẹnu líla, fóònù ń mì lórí itan rẹ̀, ọmọ tó wà ní Ìgbòho náà ń sun tirẹ̀. Tàtí jáde láti yàrá rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá wa. Èmi náà sunkún, inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó ṣe, ó fi ìró nu ojú, ó sọ fún ọmọ náà pé òun ń bọ̀ nílé kí oṣù ààwẹ̀ tó dé, kó bá òun tọ́jú àyè ìsùn. Ó pa fóònù. Ó wá ní kí n lọ gbé ìwé náà wá.

Mo ní ṣé kò yẹ kó sinmi.

"Àwọn tó gbé sọdá ńkọ́?" ni màmá mi wí. "Kà á, ká mọ ibi tí wọ́n dé."

Mo lọ gbé e lórí firíìjì.